Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ fún họlidé àwọn ọmọ: kí la ó fi ṣe?

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń da ìgbìmọ̀ wa láàmú, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí lè bá wa dá sí i. Àwọn ará àdúgbò wa dá owó jọ kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan gidi ṣe nígbà họlidé gígùn tó ń bọ̀: bọ́ọ̀lù, ijó, ìlù, àwòrán yíyà àti tíátà. Kò sí ọwọ́ ìjọba ńbẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tó dá sí i. Owó náà ò pọ̀ púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe owó tí a lè fi ṣeré.

Ibi tí ìjà wà rèé. Àwọn kan ní ká ra jẹ́sì, ìlù àti bọ́ọ̀lù tuntun, ká sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ tó lárinrin kí àwọn tó dá owó lè fojú rí ohun tí owó wọn ṣe. Àwọn kan ní àwọn kóòṣì àti olùkọ́ ló yẹ ká fi sanwó fún. Àwọn mìíràn ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó fọ́ọ̀mù díẹ̀, torí ọ̀fẹ́ kì í níyì. Àwọn tó kù ní ká dán àwọn ọmọ wò, ká mú kìkì àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí pé àyè ò lè gba gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, èwo lẹ máa mú?

KóòṣìÀgbà

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ti ìdánwò yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ẹ má dán ọmọ ọdún mẹ́jọ wò pé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Oṣù tí wọ́n bí i lẹ máa rí, ẹ̀yin á pè é ní ẹ̀bùn. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan gbáko ju ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá ọdún yẹn lọ. Ó ga ju, ó lágbára jù, òun lẹ máa yàn. Ẹ ó wá fún un ní kóòṣì, ẹ ó fún un ní àyè, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ẹ ó ní àbí ẹ ò rí i pé a mọ ọmọ yàn? Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn oníwádìí ti ń rí i lára àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Kánádà: àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ń kún inú ẹgbẹ́ tí wọ́n bá yàn.

Ẹ wo Nọ́wè. Ní 1987 ni àjọ eré ìdárayá wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọdé nínú eré, wọ́n tún un ṣe ní 2007. Títí ọmọ á fi wọ ọdún tó máa pé mọ́kànlá, wọn kì í gbé tábìlì líìgì jáde, wọn kì í to ọmọ ní ipò kìíní, ipò kejì. Ìdíje ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ó di ọdún tó bá máa pé mẹ́tàlá. Ẹni tó bá ń rò pé irú nǹkan báyìí á sọ ọmọ di ọ̀lẹ, orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, tí èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù 6, ló gba wúrà 16 ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí orílẹ̀-èdè tó tíì gba iye bẹ́ẹ̀ nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù kan ṣoṣo.

Alátakò01

Ẹ má bínú o, ìjọba ńkọ́? Owó orí tí à ń san, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Bí ẹ bá ń dá owó jọ láti bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn, wọn ò ní ṣe é láéláé. Ìyẹn ọ̀kan. Ìkejì, mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí òbí sanwó. Ohun tí èèyàn ò bá náwó sí, kì í tọ́jú ẹ̀.

OníṢirò

Ẹ̀gbọ́n Alátakò, ọ̀rọ̀ pé ọ̀fẹ́ kì í níyì yìí, àwọn kan ti gbé e lórí ìwọ̀n wò. Ní Kẹ́ńyà, Jessica Cohen àti Pascaline Dupas bá àwọn ilé ìwòsàn ṣe é, tí wọ́n ń fún àwọn aboyún ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Níbòmíràn ọ̀fẹ́ ni, níbòmíràn wọ́n gbé owó táṣẹ́rẹ́ lé e. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ibi tí wọ́n ti gbówó lé e, kódà owó tí ò tó nǹkan, ńṣe ni iye àwọn tó gbà á já wálẹ̀. Àwọn tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń ta á sórí ibùsùn wọn bí àwọn tó rà á ṣe ń ta tiwọn.

Owó fọ́ọ̀mù ò ní lé ọmọ aláìbìkítà lọ. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ṣírò owó lójoojúmọ́ ló máa kọ́kọ́ dàwátì, ìyá náà ò sì ní wá sọ fún yín pé owó ni. Á ní ọmọ òun rin ìrìn àjò.

Alátakò01

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

OníṢirò

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká mú ti họlidé gan-an. Ilé ìwádìí RAND tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ìgbà họlidé ní agbègbè ilé-ìwé márùn-ún ní Amẹ́ríkà, Boston àti Dallas wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni: ìwé kíkà àti ìṣirò ní àárọ̀, iṣẹ́ ọnà àti eré ìdárayá lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ọmọ tó jèrè ẹ̀ jù ni àwọn tó wá fún ogún ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n wá gba àwọn alábòójútó nímọ̀ràn ni pé kí irú ètò bẹ́ẹ̀ má dín ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nítorí náà, Akọ̀wé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín yẹn kéré. Bí ẹ bá ní kí ẹ yan láàárín jẹ́sì àti ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ ra ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí n má fi ibi kan pa mọ́: bí ọmọ kan nínú márùn-ún tí wọ́n gbà sínú ètò náà ni kò yọjú rárá.

Alátakò01

Ẹ ẹ̀ rí i! Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì wá. Kí ni mo sọ?

ÌyáÌbejì

Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ tíì ṣètò ọmọ méjì sí ibi méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan rí? Ìdí tí ọmọ ò fi ń wá kì í ṣe àìníyì. Ta ló ń mú un lọ? Ta ló ń mú un bọ̀? Ètò tó bá parí lọ́sàn-án gangan, tó ní kí n wá mú ọmọ mi, èmi tí mo ń tibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ò ṣe é fún mi. Wọ́n ṣe é fún ìyá tó jókòó sílé.

Mo tún fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ronú kan àwọn ọmọbìnrin. Lọ́pọ̀ ilé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá ló ń tọ́jú àwọn àbúrò ẹ̀ bí họlidé bá dé. Bí ẹ bá ní àwọn tó ti pé ọdún mẹ́wàá nìkan lẹ fẹ́, ẹ ti lé e dànù nìyẹn, torí kò ní fi ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ nílé nìkan. Ẹ ní igun kan fún àwọn kékeré, ẹni kan tó gbọ́n lórí wọn, bébà àti kíréyọ̀nù. Kò ná yín ní nǹkan púpọ̀. Ẹ ó rí i bí iye àwọn ọmọbìnrin tó ń wá ṣe máa lé sí i.

Ẹ fún wọn ní oúnjẹ náà o. Ebi kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí kóòṣì ń sọ.

KóòṣìÀgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ jù níbí.

AkápòTẹ́lẹ̀

Mo bá ẹgbẹ́ kan tọ́jú owó rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń rìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó ọdún àkọ́kọ́ kì í nira. Ara àwọn èèyàn ń yá gágá, gbogbo wọn ń dá. Ọdún kejì ló máa ń le. Jẹ́sì ti gbó, ìlù ti ya, àwọn tó dá owó ń béèrè pé èyí tí a dá léṣìí dà? Ẹ lọ wò ó, ọ̀pọ̀ ètò àwọn ọ̀dọ́ tó kú, ọdún kejì tàbí ìkẹta ló kú. Nítorí náà, ẹ má na gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ bẹ àwọn tó lè dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, kí wọ́n máa dá a bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ogójì èèyàn tó ń mú díẹ̀ wá lóṣooṣù ju olówó kan tó gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olówó yẹn á fẹ́ kọ orúkọ ara ẹ̀ sára jẹ́sì, á fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ gbá nọ́ńbà mẹ́wàá. Bí ẹ bá bí i nínú, ètò yín ti parí.

Ìfilọ́lẹ̀ ńkọ́? Àga, kánópì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, omi fún àwọn àlejò pàtàkì, àsíá tó ní àwòrán alága. Kò sí ọmọ kankan tó kọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan tí ò ná owó náà wà. Eré sísá tí wọ́n ń pè ní parkrun, 2004 ló bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park ní London, àwọn sárésáré 13 ló sá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Títí dòní ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń gbé e ró. Wọ́n ní ti àwọn ọmọdé náà, láti ọdún mẹ́rin sí mẹ́rìnlá, kìlómítà 2. Ojú ọ̀nà tó dáa, ẹni tó ń wo aago, ẹni tó ń wo ìkòríta, ó tán.

Ẹ fi ìtanràn lé òbí tó bá pẹ́ mú ọmọ ẹ̀ o, torí ìyẹn ló ń pa àwọn olùkọ́ lára jù.

OníṢirò

Akápò, mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi ti ìtanràn. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini dán an wò nílé ìtọ́jú ọmọ mẹ́wàá ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Ní mẹ́fà nínú wọn, wọ́n fi ìtanràn lé àwọn tó ń pẹ́. Àwọn tó ń pẹ́ tún wá pọ̀ sí i! Ṣáájú, ojú ń ti òbí níwájú olùkọ́ tó ń dúró dè é. Nígbà tó di owó, ó sanwó, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n yọ ìtanràn kúrò, àwọn tó ń pẹ́ ò dín kù. Ẹ gba ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì, ẹ sún àkókò ìparí síwájú, kí ẹ fi ẹni kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó dúró ti àwọn tí wọn ò tíì wá mú.

ÌyáÌbejì

Ẹni méjì ni, ẹ má fi ẹni kan. Kí àgbàlagbà kan má ṣe dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ kankan, ì báà jẹ́ kóòṣì, ì báà jẹ́ alága. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni níbí. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wádìí wọn níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ, níṣojú wọn, ẹni tí wọ́n lè lọ bá tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni náà má sì jẹ́ kóòṣì wọn.

Àwòrán náà ńkọ́? Àwọn tó dá owó á fẹ́ rí fọ́tò. Ẹ má gbé ojú ọmọ mi sórí Facebook pé ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ ya ìlù, ẹ ya àwòrán tí wọ́n kùn, ẹ ya ẹ̀yìn wọn níbi tí wọ́n ti ń sáré. Ó tó.

OlórinÌgboro

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìlù. Ẹ má ra ohun èlò orin kankan kí ẹ tó mọ ẹni tó máa kọ́ wọn. Mo ti rí yàrá tí ohun èlò kún dẹ́mudẹ́mu, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù. Èyí tí ọmọ mẹ́rin bá ń pín lò, tí olùkọ́ tó dáa sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, sàn ju kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ kí olùkọ́ sì máa wá nígbà tó bá wù ú.

Ní Venezuela, José Antonio Abreu bẹ̀rẹ̀ ètò kíkọ́ ọmọ ní orin ní 1975 nínú gáréèjì kan ní Caracas, ọmọ mọ́kànlá ló wá sí ìfidánrawò àkọ́kọ́. Ohun tó di El Sistema nìyẹn, òun ló tọ́ Gustavo Dudamel dàgbà tó fi di olùdarí orin ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin ní Los Angeles ní 2009. Ètò náà ò bá má tóbi tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe owó ìjọba, Alátakò á fẹ́ràn ìyẹn. Àmọ́ ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kì í kọ́ ọmọ ní òun nìkan fún ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́ kó bá àwọn yòókù lu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà láàárín ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀. Ọmọ tó bá ń dá lù nínú yàrá, á tètè sú u. Ẹni tí àwọn yòókù ń retí ohùn ẹ̀ á wá lọ́la.

ỌmọOgúnỌdún

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ka gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó sọ pé ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bọ́ọ̀lù, ijó, ìlù, àwòrán, tíátà, ta ló yan wọn? Àwọn kan lára wa fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, àwọn kan fẹ́ kọ́ ayò ẹ̀ṣẹ́, ẹ ò lè mọ̀ tí ẹ ò bá bèèrè. Ní Boston, ní 2014, ìjọba ìlú gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 12 sí 25 dìbò yan ohun tí wọ́n máa fi ṣe. A ò ní kí ẹ gbé gbogbo owó fún wa. Ẹ fún wa ní ìdá kan níbẹ̀.

KóòṣìÀgbà

Àbúrò, o sọ ọ̀rọ̀ tó dáa. Ayò ẹ̀ṣẹ́ wo lo ń wí, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni àbí ayò?

ỌmọOgúnỌdún

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni Sà, ìka ló yọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ti mẹ́nu kan ayò, Tunde Onakoya bẹ̀rẹ̀ Chess in Slums ní 2018, tábìlì àti pátákó ayò chess ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò ná an ní pápá ìṣeré.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ: ẹ lo àwa tí a ti dàgbà díẹ̀. Ní Mathare ní Nairobi, ẹgbẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní MYSA ti wà láti 1987. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá jáde gbálẹ̀ àdúgbò, tó kó ìdọ̀tí gọ́tà, á gba àmì kún àmì líìgì ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ àwọn kékeré tàbí tó ń ṣe rẹfirí náà ń kó àmì tiẹ̀ jọ, àmì yẹn ló ń di owó ilé-ìwé fún un. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún, wọn kì í kó o lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Mathare United ti jáde, wọ́n sì gba líìgì Kẹ́ńyà ní 2008.

Alátakò01

Kí àwọn ọmọ gbálẹ̀ gọ́tà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù? Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn náà!

OlórinÌgboro

😂 Bàbá ò ní pa wá.

AkápòTẹ́lẹ̀

Alátakò, ìjọba tí ẹ ń wí, bí ẹ ṣe máa mú un nìyí: ẹ kọ iye ọmọ tó wá lójoojúmọ́ sínú ìwé orúkọ, kì í ṣe iye tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i ní báńkì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá káńsílọ̀ yín. Kò rọrùn kí wọ́n sọ pé àwọn ò rí nǹkan tí àwọn fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Alátakò01

Ìyẹn ló wọ̀ mí létí lónìí. Bí wọ́n bá lẹ àkáǹtì mọ́ ògiri, màá dá owó. Tí wọn ò bá lẹ̀ ẹ́, ẹ má retí mi.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sórí bébà, mo kà á ní ìpàdé àná. Ariwo pọ̀, àmọ́ ibi tí a bá a dé rèé.

Kò sí owó fọ́ọ̀mù. Kò sí ìdánwò fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìlá. Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lè ní ẹgbẹ́ kan tó ń lọ ìdíje, gbogbo àwọn yòókù á sì máa gbá tiwọn. Jẹ́sì ti di ọdún tó ń bọ̀, a ó ra bíìbù aláwọ̀ méjì, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lé aṣọ kí a lè mọ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìfilọ́lẹ̀ náà lọ, alága bínú, ó ti wá gbà báyìí pé kí àwọn ọmọ ṣe àṣehàn tiwọn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kí òun wá jókòó síwájú. Owó tó kúrò níbẹ̀ gbé wa dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú olùkọ́ tó ń gbowó. Igun àwọn kékeré ti wà. Ìdá kan lára owó náà, àwọn ọ̀dọ́ ló máa dìbò lé e. Ti oúnjẹ ni ìjà ò tíì tán lórí ẹ̀, torí àwọn kan ní kí ọmọ gbé tiẹ̀ láti ilé.

ÌyáÌbejì

Tí wọ́n bá ní kí ó gbé e láti ilé, ẹni tí kò ní á jókòó sí kọ̀rọ̀, tàbí kó má wá mọ́. Oúnjẹ kan náà fún gbogbo wọn, Akọ̀wé. Ẹ yọ ọ́ lára owó bíìbù tó bá di dandan.

KóòṣìÀgbà

Ẹ yọ bíìbù pátápátá. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kan bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

ỌmọOgúnỌdún

Ìbò yẹn ńkọ́, ọjọ́ wo ni? Ta ló máa di kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn mú lọ́jọ́ náà?

Akọ̀wéẸgbẹ́

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Kó àwọn tí o bá lè kó wá, kí ẹ sì mú bírò tiyín dání.